Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà: Ẹ Kọ Owó Super Falcons Sílẹ̀ Kí Wọ́n Tó Wọ Bàálù

Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Sí Ààrẹ Àjọ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, Alhaji Ibrahim Musa Gusau, àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Abẹ́òkúta níbí. Tí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọbìnrin ni mo máa ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Ọ̀rọ̀ owó àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa ni mo bá wá. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé bá yín gbọ́ ọ, nítorí ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún àjọ yìí ní kọ̀rọ̀, kò sì tíì níyanjú.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìlú wa ni Super Falcons, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ti gbá bọ́ọ̀lù, ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀. Benin ni wọ́n bá wọ̀ ọ́. Wọ́n ti na Benin ní ayò méjì sí òdo ní Lomé ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé Kútọ̀, Rasheedat Ajibade, balógun wọn, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, Benin dá a padà, eré sì parí sí ọ̀mì, ayò kan sí ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀, ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan ni. Bí a ṣe rí ọ̀nà wọ ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin nìyẹn, WAFCON ti 2026, tí wọ́n gbé fún Morocco. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tó bá dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá níbẹ̀ ni yóò lọ tààrà sí Ife Àgbáyé ní Brazil ní 2027. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin sílẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje péré ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé.

Lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti rí ọ̀nà náà. Ẹ má bínú, nígbà náà, pé ará Abẹ́òkúta ló ń béèrè: èló lẹ ó san fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọjọ́ wo lẹ ó san án, níbo sì ni ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí wà? Àwa tí a ń tẹ̀lé wọn kò tíì rí ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ gbé e síta. Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Èkíní. Gbèsè yìí kì í ṣe ti àná, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà wáyé nígbà gbogbo. Ní 2004, àwọn obìnrin wa na Cameroon ní ayò márùn-ún sí òdo nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní South Africa. Perpetua Nkwocha nìkan gbá mẹ́rin wọlé nínú márùn-ún. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá san owó àjẹmọ́nú àwọn.

Ọdún méjìlá kọjá. Ní oṣù kejìlá 2016, wọ́n lọ bá Cameroon nílé rẹ̀ ní Yaoundé, wọ́n na án ní ayò kan sí òdo. Desire Oparanozie ló gbá a wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n gbé ife dé Abuja, wọ́n tún jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí owó kò jáde, wọ́n gbé páálí lọ́wọ́, wọ́n fẹ́sẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọjọ́ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè wá gbé ètò ìṣúná ọdún 2017 kalẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Àwọn tí kò sí obìnrin tó borí wọn nínú bọ́ọ̀lù ní gbogbo Áfíríkà lọ́dún náà ló dúró sí gbangba pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí. Èmi kò mọ orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé tó jẹ́ irú ẹ̀ yìí ni wọ́n fi kí wọn káàbọ̀.

Ní France ní 2019, lẹ́yìn tí Jámánì lé wọn kúrò nínú Ife Àgbáyé, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí owó, apá kan nínú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní Morocco ní oṣù keje 2022, wọ́n lé ẹni méjì jáde lára wa nínú eré wa pẹ̀lú onílé, àwọn mẹ́sàn-án tó kù dúró gbọn-in títí dé pẹnáritì kí wọ́n tó pàdánù. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó bá Zambia du ipò kẹta, wọ́n kọ̀ láti jáde fún ìgbaradì nítorí owó. Zambia nà wọ́n ní ayò kan sí òdo. Kí wọ́n tó lọ sí Ife Àgbáyé 2023, akọ́nimọ̀ọ́gbá Randy Waldrum sọ ọ́ ní gbangba pé àjọ yìí jẹ òun ní owó oṣù.

Ẹ lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú èyí ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dórí àga ní oṣù kẹsàn-án 2022. Òótọ́ ni, mi ò sì ní gbé ẹrù ẹlẹ́rù kà yín lórí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí ẹ ti wà lórí àga dáadáa, Super Eagles náà kọ̀ láti ṣe ìgbaradì ní Rabat nítorí owó tí wọn kò tíì rí gbà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n bá Gabon wọ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ Ife Àgbáyé. Bí a bá lè ṣe èyí sí àwọn ọkùnrin, tí gbogbo ìwé ìròyìn ń wò lójú, ta ni yóò gbèjà àwọn obìnrin?

Èkejì. Ẹ̀bùn kì í ṣe owó iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àṣekágbá WAFCON ní Rabat ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje 2025. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Morocco ti gbá ayò méjì wọlé wa, gbogbo pápá sì ń hó fún wọn. Ní ìdajì kejì, Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé. Folashade Ijamilusi gbá èkejì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé, Jennifer Echegini gbá ẹ̀kẹta. Ife kẹwàá wa nìyẹn. Ajibade ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, Chiamaka Nnadozie sì gba ti aṣọ́lé. Ní Abẹ́òkúta, ariwo ayọ̀ gba àdúgbò mi kan lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní náírà tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè orílẹ̀-èdè. Àwọn gómìnà náà ní àwọn á fún wọn ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí i. Ó tọ́ sí wọn, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá ṣe ọmọ wa lóore.

Ṣùgbọ́n ká ní bọ́ọ̀lù Echegini gbá òpó ńkọ́? Ká ní pẹnáritì ló parí ọ̀rọ̀ náà, tí a sì pàdánù? Iṣẹ́ kan náà ni wọn ì bá ti ṣe: ìgbaradì kan náà, ìrìn-àjò kan náà, orúnkún tó wú kan náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Kò ní sí ilé, kò ní sí oyè, kò ní sí gómìnà kankan tí yóò dárúkọ wọn. Ohun tí ì bá kù fún wọn ni owó tí àdéhùn bá sọ pé ó jẹ́ tiwọn. Ọdún 2022 ti fi hàn wá ohun tí ìyẹn máa ń jẹ́. Lọ́dún náà wọn kò gba ife, kò sí ẹ̀bùn, owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn pàápàá wá di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ kọ̀ láti jáde sí pápá.

Ẹ wá sí ọjà Ìtòkú, ẹ bá àwọn aládìrẹ wa dúnàádúrà. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tí yóò di àdìrẹ fún oníbàárà tó bá ní, “Ẹ gbé e fún mi ná, bí òde mi bá dùn, mo máa ṣe yín lóore.” Iye rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Bí oníbàárà bá wá fi nǹkan lé e lẹ́yìn tó ti sanwó, wọ́n á gbàdúrà fún un. Alhaji, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé Ànábì ní kí a san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Kò ní kí a dúró wò bóyá inú wa máa dùn sí iṣẹ́ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀bùn 2025 kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ó tilẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí ilé àti dọ́là nínú ìròyìn á rò pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ti yó, tí wọ́n bá sì béèrè owó àjẹmọ́nú wọn lọ́la, wọ́n á pè wọ́n ní aláìmoore.

Ẹ̀kẹta. Ẹ má sọ fún wa pé owó kò sí. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni Àjọ Bọ́ọ̀lù Áfíríkà, CAF, yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá gba ife ní 2025. Ní 2022, ìdajì rẹ̀ ni, 500,000. Owó àwọn obìnrin ń gòkè nìyẹn. (Pé mílíọ̀nù méje dọ́là ni wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó gba ife ní Côte d’Ivoire ní 2024, ọ̀rọ̀ CAF nìyẹn, ọjọ́ tiwọn ń bọ̀.) Ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan náà ló jẹ́ ti àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù? Ta ló pín in? Ìbéèrè tí ìwé kan ṣoṣo lè dáhùn ni.

Ẹ wo ohun tí FIFA, Àjọ Bọ́ọ̀lù Àgbáyé, ṣe fún Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní 2023. Kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kan ní Australia àti New Zealand, wọ́n ti kéde iye tó kan agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan: 30,000 dọ́là fún ẹni tó bá dé ìpele àkọ́kọ́, 60,000 fún ẹni tó bá dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rìndínlógún. A na Australia ní ayò mẹ́ta sí méjì nílé rẹ̀, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Canada àti Ireland, England fi pẹnáritì lé wa kúrò. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ohun tó tọ́ sí i lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Norway ti fọwọ́ sí ìwé lórí owó ọgbọọgba fún ọkùnrin àti obìnrin láti 2017, Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 2022. Èmi kò tíì béèrè ọgbọọgba lọ́wọ́ yín lónìí. Ìwé ni mo ń béèrè.

Ẹ̀kẹrin. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ń wò yín. Ìyá kan ní Láfẹ́nwá bi mí bóyá bọ́ọ̀lù tí mo ń kọ́ ọmọ òun lè bọ́ ọ lọ́la. Mo dárúkọ Asisat Oshoala fún un, tí CAF fi ṣe agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó dá mi lóhùn pé, “Olùkọ́, ṣé kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n gbé páálí nítorí owó?” Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ nílò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ohun tí mo rí sọ tó lè borí ohun tó ti fojú ara rẹ̀ rí lórí tẹlifíṣàn. Kì í ṣe òun nìkan. Bàbá tó gbà kí ọmọkùnrin rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di alẹ́ á bi mí léèrè ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ máa jáwọ́ nínú rẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀, Remo Stars Ladies wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, nínú ìpínlẹ̀ wa, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn obìnrin. Kò jìnnà sí wa. Ohun tí ìyá yìí rí lókè ló sé ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn obìnrin ìlú yìí sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀tọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí àwọn ìyá wa, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì níwájú wọn, dìde nítorí owó orí, wọn kò ní kí wọ́n ṣàánú àwọn. Wọ́n ní kí wọ́n jábọ̀ ohun tí wọ́n ń fi owó àwọn ṣe, wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ náà títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọmọ ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni mo ń kọ́. Mi ò lè kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dúpẹ́ fún ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ̀karùn-ún. Ibùdó ìgbaradì. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé 2023, Ifeoma Onumonu sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé pápá tí àwọn fi ń ṣe ìgbaradì nílé kò tẹ́jú, pé ìgbà mìíràn wà tí àwọn máa ń pín ibùsùn. Ìpínlẹ̀ Ògùn tún pápá Kútọ̀ ṣe fún Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ tó wáyé níbí ní oṣù karùn-ún 2025, ẹ̀yin náà sì ti lò ó. Ẹ máa mú wọn wá síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ìdíje, kí wọ́n bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣeré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ lójú àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Orúkọ Abíọ́lá ló wà lára pápá náà, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes ró títí wọ́n fi gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan ni a máa rí àwọn ọmọ wa níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, mo sì ti rò ó dáadáa.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn kan pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbéra lọ sí ìdíje èyíkéyìí. Kí iye owó eré tí wọ́n bá borí àti èyí tí wọ́n bá ta ọ̀mì wà níbẹ̀, owó oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ibùdó, àti ìdá tó jẹ́ tiwọn nínú owó CAF àti ti FIFA. Lójú tèmi, kò yẹ kó dín ní ìdajì, nítorí àwọn ni wọ́n gbá a. Kí ọjọ́ tí owó máa wọ àpò ìkówópamọ́ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe “láìpẹ́.” Kí balógun ikọ̀ àti ẹni méjì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn bá yàn fọwọ́ sí i, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síta kí gbogbo wa kà á.

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo gbèsè tó wà nílẹ̀, ti ikọ̀ àgbà àti ti àwọn ọmọdébìnrin, láti ọdún tí ó wù kó jẹ́. Ẹ dárúkọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa san án parí. Bí kò bá sí gbèsè kankan mọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, èmi yóò sì kà á sétí àwọn òbí tó ń bi mí léèrè.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè owó rẹ̀ kò ní pàdánù àyè rẹ̀ nínú ikọ̀ nítorí ìyẹn.

Gbangba ni mo ti kọ̀wé sí yín, gbangba ni mo sì ń retí èsì, kí àwọn ọmọbìnrin wa tó wọ bàálù.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùkọ́ eré ìdárayá kan ní Abẹ́òkúta